Ǹjẹ́ Igbó Tí Òǹkọ̀wé Fi Inú Dá Lè Di Ìtàn Ìwáṣẹ̀ Orílẹ̀-Èdè?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ní Ìkòròdú

 

Àbá kan ni ó bí ọ̀rọ̀ wa ti òní. Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ dábàá pé, bí ìjọba ìbílẹ̀ bá yọ̀ǹda fún wa láti tún ẹnu ọ̀nà Gáréèjì Ìkòròdú ṣe, kí a mọ ère àwọn ọdẹ méje tí ó lọ sí Òkè Láńgbòdó sí ibẹ̀, kí àlejò tí ó bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lè mọ̀ pé ilẹ̀ tí ó ní ìtàn ni òun tẹ̀. Àwọn àgbà kan fárígá. Wọ́n ní kí ni ti ọdẹ inú ìwé, nígbà tí ìlú ní àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ dó, tí ìlú sì ní ohun tí ó ń bọ? Àwọn ọ̀dọ́ fèsì pé ìtàn àwọn tí ó tẹ ìlú dó ni ó ń dá ìjà sílẹ̀, pé ti Láńgbòdó kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ọ̀rọ̀ náà gbóná débi pé Alága ní kí a gbé e tì, kí àwa sì lọ rò ó wá.

Kí a tó wọ inú rẹ̀, ó yẹ kí a rántí ẹni tí ó ni ìtàn. Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní ẹkùn Oǹdó, ni a bí ní ọdún 1903. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó yàn láàyò, St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́ ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́, níbẹ̀ ni ó sì ti kọ́ àwọn ọmọ pẹ̀lú. Ní 1936, ẹ̀ka ìjọba tí ń bójú tó ẹ̀kọ́ gbé ìdíje ìwé kíkọ kalẹ̀, Fágúnwà sì kọ ìtàn kan ránṣẹ́. Ìtàn náà ni àwọn C.M.S. tẹ̀ jáde ní 1938, tí gbogbo wa mọ̀ sí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó tẹ̀lé e ní 1949, Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje ní 1954, Àdììtú Olódùmarè ní 1961. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1963, omi gbé ọkùnrin náà lọ nítòsí Bídà. Àwọn ará Èkó tí ó wà láàárín wa yóò ní kí a má gbàgbé Isaac Thomas, tí ìtàn Ṣẹ̀gilọlá rẹ̀ ti ń jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní 1929 àti 1930. A kò gbàgbé. Ṣùgbọ́n Èkó tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni Ṣẹ̀gilọlá gbé. Fágúnwà ni ó dá ayé mìíràn sílẹ̀, tí ó fún un ní igbó, ní òkè, ní ọba àti ní ẹ̀rù tirẹ̀.

Ayé yìí kò sí nínú àwòrán ilẹ̀ kankan. Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún wà níbẹ̀. Ìrágbèje wà níbẹ̀, ẹni tí ó fi ọjọ́ méje kọ́ àwọn ọdẹ ní ọgbọ́n. Láti ẹnu àwọn àgbà ni Fágúnwà ti mú púpọ̀ nínú ẹrù rẹ̀: àlọ́, òwe, oríkì, ìrírí àwọn ọdẹ tí ó ti sùn sí igbó. Ó tún mú láti inú Bíbélì àti láti inú àwọn ìwé òyìnbó tí olùkọ́ ayé ìgbà náà ń kà. Ó pò wọ́n pọ̀, ó sì gún wọn kúnná tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé tí ń kà á kò fi mọ èyí tí ó ti ilé wá yàtọ̀ sí èyí tí ó wọkọ̀ ojú omi dé.

Ìtàn àròsọ nìyẹn. Ìtàn ìwáṣẹ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí a wo ilé. Bí ọjọ́ Mágbó bá pé ní Ìkòròdú, obìnrin a jókòó sí ilé. Kì í ṣe obìnrin ìlú nìkan. Èyí tí ó gba yàrá lánàá, tí kò tilẹ̀ gbọ́ Yorùbá, òun pẹ̀lú a ti ilẹ̀kùn. Ọjà a dá wáí, Gáréèjì tí kì í sùn a sì ṣe bí ẹni tí ń tòògbé. Ọ̀pọ̀ ni inú wọn kò dùn sí i. Àríyànjiyàn ń wáyé lórí ẹ̀tọ́ tí òfin orílẹ̀-èdè fún obìnrin láti rìn bí ó ti wù ú, àwa kò sì gbà pé àwọn tí ó ń bi ìbéèrè náà jẹ́ ọ̀tá ìlú. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ohun tí ó ní agbára lórí ènìyàn ni ènìyàn ń bá jiyàn bẹ́ẹ̀. Láti 1938 títí di òní, kò tíì sí obìnrin tàbí ọkùnrin kan tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra nítorí pé Àgbákò ń kọjá. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá nígbà tí a bá ń kà á; bí a bá pa ìwé dé, a ó lọ jẹun.

Àwọn ará wa láti Ẹ̀pẹ́, tí ọ̀nà Ìtòkín so pọ̀ mọ́ wa, mọ ohun tí a ń wí. Ní òpin ọdún 1851 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó. Ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wọkọ̀, ó gba ojú ọ̀sà lọ, ó sì fi Ẹ̀pẹ́ ṣe ibùdó. 1862 kí ó tó padà sí Èkó. Títí di òní, bí Iléyá bá ti lọ, àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ a ṣe ọdún Káyókáyó ní ìrántí ọjọ́ tí wọ́n gúnlẹ̀. Ẹni tí ó bá jẹ tí ó sì yó ní ọjọ́ náà ń sọ ẹni tí òun í ṣe. Àwọn Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n bá níbẹ̀ ní ìtàn tiwọn, wọn kì í sì í fi wé ti ẹlòmíràn. Irú ìtàn báyìí ní ojúbọ, ó ní ọjọ́, ó ní ìdílé tí ń tọ́jú rẹ̀, ó sì ní ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó gbà á gbọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ìtàn tí ó sọ ibi tí a ti wá ni ó máa ń sọ ẹni tí ó ni ilẹ̀, ẹni tí oyè tọ́ sí, àti ẹni tí ó jẹ́ àlejò bí ó tilẹ̀ ti pé igba ọdún. Gbogbo wa gbà pé láti inú Oko Odù ni orúkọ Ìkòròdú ti jáde. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́kọ́ dá oko náà? Ìdílé kan ka ìran rẹ̀ sí Rẹ́mọ, òmíràn ka tirẹ̀ sí Bìní, ọ̀rọ̀ náà sì ní orí àti ìrù ní ilé kọ̀ọ̀kan. Àwa kò ní dá ẹjọ́ rẹ̀ níhìn-ín, nítorí a fẹ́ kí ìpàdé yìí parí ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ti ogun 1865, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, tí Glover fi ọmọ ogun láti Èkó tú wọn ká ní oṣù Kẹta ọdún náà. Lónìí, ọmọ Ẹ̀gbá ń wakọ̀ ní Gáréèjì, ọmọ Ìkòròdú jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ Ìgbò gbé ẹrù lé itan, Hausa tí ń ta àlùbọ́sà há sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, Ẹ̀gùn sì ń bá kọ̀ńdọ́ fa ọ̀rọ̀ ṣéńjì. Bí olúkúlùkù bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ tirẹ̀ àti ẹni tí bàbá rẹ̀ ṣẹ́gun, ọkọ̀ náà kò ní gbéra. Àìsọ ọ́ wọn ni ó ń gbé wọn dé Kétu.

Nítorí náà, a kò lè fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ sẹ́yìn. Orílẹ̀-èdè tí èdè pọ̀ nínú rẹ̀ tó Nàìjíríà kò ní ìtàn ìwáṣẹ̀ kan ṣoṣo. Odùduwà kì í ṣe bàbá Tiv; Bàyàjídà kì í ṣe bàbá Ìjọ́. Ǹjẹ́ a kò lè rí ẹni tí yóò dá ọ̀kan fún wa?

Àwọn mìíràn ti gbìyànjú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Finland, nígbà tí ó wà lábẹ́ ọba Rọ́ṣíà, dókítà kan tí ń jẹ́ Elias Lönnrot rìn káàkiri àwọn abúlé, ó kọ orin àwọn àgbà sílẹ̀, ó tò wọ́n, ó fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ dí àlàfo àárín wọn, ó sì tẹ Kalevala jáde ní 1835. Èyí tí ó gbòòrò jù ú lọ jáde ní 1849. Ìwé náà ru ọkàn àwọn ará Finland sókè tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń kà á mọ́ ohun tí ó jẹ́ kí wọ́n mọ ara wọn ní orílẹ̀-èdè kan kí wọ́n tó gba òmìnira ní 1917. Títí di òní, wọ́n ń ṣe ọjọ́ Kalevala ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì. Ẹ má ṣe gbàgbé pé orin ti wà lẹ́nu àwọn arúgbó kí Lönnrot tó dé. Ó so ìlẹ̀kẹ̀ pọ̀ ni, kì í ṣe òun ni ó rọ ìlẹ̀kẹ̀.

Ará Gẹ̀ẹ́sì kan, J. R. R. Tolkien, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford, ka Kalevala ní ìgbà èwe rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì fà sí i. Ó dùn ún pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú rẹ̀. Nínú lẹ́tà kan tí ó kọ ní nǹkan bí ọdún 1951, ó jẹ́wọ́ pé nígbà kan rí òun ní i lọ́kàn láti dá odindi ìtàn ìwáṣẹ̀ tí òun lè fi ta ilẹ̀ òun lọ́rẹ. Ó dá èdè, ó dá ìran ènìyàn, ó ya àwòrán ilẹ̀ tí kò sí. Apá àkọ́kọ́ nínú ìwé ńlá rẹ̀, The Lord of the Rings, jáde ní 1954, ọdún kan náà pẹ̀lú Ìrìnkèrindò ti Fágúnwà. Àìmọye ènìyàn ni ó fẹ́ràn ìwé náà, síbẹ̀ kò sí adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó fi í dá ẹjọ́ ilẹ̀, kò sì sí ọba wọn tí ó ka ìran rẹ̀ dé inú rẹ̀. Ilẹ̀ New Zealand ni wọ́n ti ya fíìmù rẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn arìnrìn-àjò sì ń san owó láti wo abúlé tí ẹnikẹ́ni kò gbé rí. Bí àwọn agbèrò Gáréèjì wa bá gbọ́ èyí, wọn yóò béèrè iye owó ọkọ̀.

Ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ wa bi wá léèrè ọ̀rọ̀ kan tí kò ṣe é fojú di. Ó ní ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ, ṣé kì í ṣe ẹnìkan ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́? Bí Fágúnwà bá pẹ́ tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún, kí ni ìyàtọ̀? Àwa kò gbà pé ọjọ́ orí ni ìyàtọ̀. Ìtàn ìwáṣẹ̀ jẹ́ ohun tí ẹnu púpọ̀ ní àṣẹ láti tún ṣe. Àdúgbò kan a sọ tirẹ̀, àdúgbò kejì a ní irọ́ ni, Ifá a ní tirẹ̀, orin obìnrin a ní tirẹ̀. Ìwé ní olówó. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ní Nàìjíríà fún àwọn ajogún ní 70 ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé. Ti Fágúnwà kò tíì pé títí di òpin 2033. A ó tọrọ àyè kí a tó lè mọ ère Kàkó pẹ̀lú kùmọ̀ rẹ̀. Ta ni a ó tọrọ àyè Odùduwà lọ́wọ́ rẹ̀?

Síbẹ̀ a gbọ́dọ̀ kìlọ̀ pé ìwé a máa jọba lórí ẹnu. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson parí ní 1897, tí a tẹ̀ ní 1921, ti di ohun tí àwọn àgbà míràn ń kà sórí tí wọ́n sì ń pè ní ọ̀rọ̀ bàbá wọn. Ti Fágúnwà wá ní ewu tirẹ̀. Lẹ́nu àwọn babaláwo, irúnmọlẹ̀ ni àwọn ọ̀kànlénírinwó tí a ń wárí fún, Ògún, Ọbàtálá, Ọ̀ṣun àti àwọn yòókù. Nínú ìwé Fágúnwà, ẹni tí ó jẹ́ onígbàgbọ́, irúnmalẹ̀ di ẹ̀mí inú igbó tí ọdẹ ń bá wọ̀yá ìjà. Ọmọ tí ó bá ka ìwé yìí nìkan, tí kò sì sí àgbà kan nílé tí yóò bá a sọ̀rọ̀, yóò rò pé iwin ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ń bọ. Fágúnwà kò pa irọ́. Ìtàn àròsọ ni ó sọ pé òun ń kọ. Àwa tí a dákẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ìwé rẹ̀ ni kò ṣe ohun tí ó yẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London àti ní Houston, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju àwa lọ. Ní 1952 ni Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, tẹ The Palm-Wine Drinkard jáde ní London, tí àwọn òyìnbó fi ń yọ̀ pé àwọn rí ọkàn Áfíríkà, tí àwọn ọ̀mọ̀wé wa sì ń bínú nítorí èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ní 1968, Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2018, Tomi Adeyemi, ọmọ Nàìjíríà tí a bí ní Amẹ́ríkà, kọ Children of Blood and Bone, nínú èyí tí Òrìṣà jẹ́ orúkọ ìlú ọba kan. Ìwé náà gbayì lọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́, inú wa sì dùn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí sí òkè òkun lè dàgbà kí ó rò pé Òrìṣà jẹ́ ibi tí a ń wọkọ̀ lọ. Kò sí ìwé tí yóò tún èyí ṣe. Ẹnu bàbá àti ìyá ni yóò tún un ṣe.

Báwo wá ni a ó ti ṣe ìpinnu? Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1977 tí ó tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Nígbà tí àwọn ènìyàn dúdú gbogbo àgbáyé péjọ fún FESTAC, eré tí Nàìjíríà gbé jáde láti fi ṣojú ara rẹ̀ ni Láńgbòdó, tí Wálé Ògúnyẹmí kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láti inú ìwé Fágúnwà. Ilẹ̀ tí kò tíì pé ọdún méje tí ogun abẹ́lé rẹ̀ parí ju bẹ́ẹ̀ lọ ni ó ń wá ìtàn tí yóò sọ fún ayé, èyí tí ó sì rí ni ti àwọn ọdẹ tí ọba rán lọ sí ọ̀nà jíjìn láti mú ohun tí yóò fi kún àlàáfíà ìlú wá. Ẹ wo irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́ nínú ìwé: Kàkó ní agbára, Ìmọ̀dóye ní ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ ní orin, Àkàrà-Oògùn ní oògùn, bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn mẹ́ta yòókù. Kò sí ẹni tí ó béèrè pé ìdílé ta ni ó kọ́kọ́ dé igbó. Igbó náà kò ní onílẹ̀.

Ohun tí a rò nìyí. Ayé tí òǹkọ̀wé fi inú dá kò lè sọ fún wa ibi tí a ti wá, ó sì burú kí a fi í rọ́pò èyí tí ó sọ ọ́. Ó lè sọ ohun tí a jọ ń wá, nítorí pé kò bá ẹnikẹ́ni du ilẹ̀. Ẹgbẹ́ bíi tiwa, tí ń rán ọmọ lọ sí ìlú òyìnbó tí ó sì ń retí pé kí ó mú nǹkan bọ̀, mọ ìtàn Láńgbòdó dáadáa, ì báà má tilẹ̀ kà á rí. Àléébù kan wà tí àwọn ìyá wa kò jẹ́ kí a gbójú fò: nínú ọdẹ méjèèje, kò sí obìnrin kan. Wọ́n bi wá bóyá a lè fi ẹ̀kẹjọ kún un. A kò lè fi kún un. Ìwé ní olówó, a ti wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè wọn tọ́, ẹni tí yóò bá sì kọ ìwé tí ń bọ̀ nínú àwọn ọmọbìnrin wa kò ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nípa ti ère, ìgbìmọ̀ fara mọ́ ọn fún Gáréèjì, nítorí pé ibi tí a ti ń gbéra lọ ni Gáréèjì, kì í ṣe ojúbọ. Kí a má gbé e sí iwájú ààfin, kí a má sì gbé e sí ibikíbi tí Agẹmọ tàbí Elúkú ń kọjá. Kí a fín orúkọ Fágúnwà àti ọdún 1938 sí ara òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà, kí ọmọdé tí ń dúró de ọkọ̀ lè mọ̀ pé inú ìwé ni àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ti wá, kí ó sì lọ wá ìwé náà kà. Kí a tó na kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, a bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ san owó ọkọ̀ àti owó ẹ̀rọ fún àwọn tí yóò lọ láti àdúgbò dé àdúgbò láti gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, ti ọkùnrin àti ti obìnrin. Ibi tí ìdílé méjì bá ti sọ ohun tí kò bára mu, kí a tẹ méjèèjì sínú ìwé ọdún tí ń bọ̀, kí a má yọ ọ̀kan. Akọ̀wé wa yóò kọ lẹ́tà sí àwọn ajogún Fágúnwà kí oṣù yìí tó parí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ó wà lẹ́yìn odi tí wọ́n bá ní òbí tí ó ti lé ní 80 ọdún nílé, kí wọ́n jọ̀wọ́ fi orúkọ àti àdúgbò wọn ránṣẹ́ sí akápò, nítorí ilé àwọn wọ̀nyẹn ni a ó kọ́kọ́ yà sí.